Orí Karùn-ún: Dídi Panápaná Pápá ní Niamey

Bí o bá sọ ní Niamey pé iṣẹ́ panápaná lo fẹ́ ṣe, ọkọ̀ pupa àti rọ́bà omi ni ẹni tó gbọ́ yóò rò. Àwọn yẹn wà lóòótọ́, sapeurs-pompiers ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ wọn kò sì ṣeé fojú di. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, iná jó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi koríko kọ́ ní àdúgbò Pays-Bas, ọmọ 20 ló sì kú sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ìgboro kọ́ ni orí yìí dá lé. Iná tí à ń wí ni èyí tó ń jó níbi tí kò sí ẹ̀rọ omi, tí kò sí títì, tí ọkọ̀ pupa kò lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Iná pápá ni. Àwọn tó ń pa á, láti ẹ̀yìn odi Niamey títí dé Tahoua àti Zinder, ni òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts (ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó omi àti igbó), darandaran, àti ará abúlé tó di ọkọ́ mú.

Kó tó di pé o ra bàtà, ó yẹ kí o mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ iná náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí iná bá ń jó, kòkó, ọ̀pẹ àti igi ni a máa ń sunkún lé. Ní Niger, koríko ni. Òjò kan ṣoṣo ló wà fún wọn lọ́dún, oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, koríko tó bá hù nígbà náà ni màlúù, àgùntàn àti ràkúnmí yóò máa jẹ títí òjò mìíràn yóò fi dé. Koríko gbígbẹ tó dúró lórí ilẹ̀ yẹn ni àká darandaran, àká tí kò ní ògiri. Bí iná bá mú un ní oṣù kọkànlá, oṣù méje ló kù kí òmíràn tó hù. Darandaran á kó ẹran rẹ̀ wá sí gúúsù kí àkókò tó tó, á bá ọkà lóko àwọn àgbẹ̀ tí wọn kò tíì kórè tán, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pa iná pápá ní Niger ti pa ìjà mìíràn tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Èyí ló fà á tí ọdún òjò rere fi jẹ́ ọdún iná. Ọdún tí ọ̀dá bá dá, ilẹ̀ máa ń ṣófo, iná kò rí nǹkan jẹ. Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa ni koríko ń pọ̀, tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn, tí panápaná kì í sùn. Àjọ AGRHYMET, tí CILSS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Sahel tó ń gbógun ti ọ̀dá, dá sílẹ̀ ní ọdún 1974, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Niamey gan-an, máa ń lo sátẹ́láìtì láti wo bí koríko ṣe pọ̀ tó káàkiri ilẹ̀ Sahel nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kọ́ bí a ṣe ń ka irú àwòrán ilẹ̀ yẹn. Ibi tí ó bá fi hàn pé koríko pọ̀ sí jù ni kí o ti máa retí iṣẹ́.

Ọ̀nà tó wọ iṣẹ́ náà

Iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀nà kìn-ín-ní. Eaux et Forêts jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń wọ aṣọ ìjọba, òfin igbó ti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 2004, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2004-040, ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́. Iná pápá wà lára iṣẹ́ wọn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀: wọ́n ń ṣọ́ ẹran ìgbẹ́, wọ́n ń mú ẹni tó ń gé igi láìgbàṣẹ, wọ́n ń gbin igi. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kọjá ni IPDR ní Kollo, bí ọgbọ̀n kìlómítà sí Niamey, ní ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè gíga lè lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Abdou Moumouni, ní òdìkejì odò. Ìdánwò ìgbanisíṣẹ́, concours, ni ẹnu ọ̀nà. Máa ka ìwé ìròyìn Le Sahel, má sì fi etí sí ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan tó lè bá ọ fi orúkọ sílẹ̀ kí o kọ́kọ́ san owó.

Iṣẹ́ ìjọba Niger, ti ọmọ Niger ni. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ, bó ti wù kí o pẹ́ ní Niamey tó, má fi ọdún rẹ ṣòfò níwájú ọ́fíìsì wọn. Ní Nàìjíríà, kọlẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́ wà ní New Bussa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹranko Kainji. Ti ẹ̀kọ́ igbó wà ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀, o lè wọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, bíi ti Ọ̀yọ́ Ilé, níbi tí iná pápá ti jẹ́ iṣẹ́ ọdọọdún. Ọmọ Benin ní àjọ African Parks, tó ń bójú tó ọgbà Pendjari láti ọdún 2017 àti apá Benin nínú ọgbà W láti ọdún 2020.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọgbà W yìí, torí pé òun ni gbogbo ọ̀dọ́ Niamey tó fẹ́ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bí 150 kìlómítà ni sí gúúsù ìlú, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló pín in: Niger, Benin àti Burkina Faso. Ọdún 1954 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà, UNESCO kọ apá ti Niger sínú ìwé ogún ayé ní ọdún 1996. Erin wà níbẹ̀, efọ̀n wà níbẹ̀. Àwọn tó gbé ìbọn náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní apá ti Benin. Ìgbà mìíràn wà tí àwọn aṣọ́gbà máa rí èéfín lójú ọ̀run tí wọn kò lè lọ síbi tó ti ń jáde, torí pé wọn kò mọ ẹni tó dáná náà àti ìdí tó fi dá a. Panápaná tó ń ṣiṣẹ́ ní ààlà mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ sójà kó tó gbọ́ ti iná. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ.

Ọ̀nà kejì ni ẹgbẹ́ panápaná abúlé. Kò sí ìdánwò níbẹ̀, owó oṣù kò sì sí. Wọ́n máa ń san owó iṣẹ́ ojúmọ́ nígbà mìíràn, bí ìjọba tàbí àjọ kan bá fẹ́ kí wọ́n la ọ̀nà iná. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà ní ti gidi, ojú tèmi sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má lọ jókòó ní Kollo láìtíì bá ẹgbẹ́ abúlé kan lo ẹ̀rùn kan.

Èdè ńkọ́? Ìwé àkọsílẹ̀, Faransé ni. Àdéhùn ìjọba tuntun ti oṣù kẹta ọdún 2025 sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sí ipò èdè iṣẹ́. Nínú pápá, Zarma ni agbègbè Niamey, Haúsá ni apá ìlà-oòrùn, Fúlàní ni ti darandaran. Ọmọ oníṣòwò Yorùbá tó dàgbà sí ọjà Niamey ti gbọ́ méjì nínú mẹ́ta yẹn kó tó mọ̀wé kà. Kó má fojú kéré ohun tó ní lọ́wọ́.

Ara tí iṣẹ́ náà ń fẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn pa iná igbó gbọ́dọ̀ ru ẹrù bí 20 kìlógíráàmù rin kìlómítà 4.8 láàárín ìṣẹ́jú 45. Rírìn ni wọ́n wí. Ẹni tó bá sáré ti kùnà. Òṣùwọ̀n yẹn dára fún Niger náà, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè rẹ̀. Àpò àgbékọ́yìn àti kẹ́ẹ̀gì omi ni kí o fi kọ́ ọ, kì í ṣe òkúta. Bí o bá dé ìdajì ọ̀nà tí orúnkún rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, o lè da omi nù. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlógíráàmù 5 ní etí odò, láti ìdí afárá Kennedy, lórí ilẹ̀ líle. Bí èyí bá ti rọrùn, bọ́ sórí yanrìn, ojú rẹ á là. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí o máa jáde. Ní oṣù kẹrin, ooru Niamey máa ń kọjá 40 díígírì, ẹni tó bá fi ọ̀sán kọ́ ara rẹ̀ ní irú àkókò yẹn ń wá àìsàn.

Apá ṣe pàtàkì ju ẹsẹ̀ lọ. Wá ọkọ́ tí wọ́n ń pè ní hilaire, ọkọ́ gígùn ti àwọn àgbẹ̀ Sahel. Ọjà Katako ò ní ṣàì ní i. Kì í ṣe bíi ọkọ́ tiwa tí à ń bẹ̀rẹ̀ fi ro ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, igi rẹ̀ gùn, ìdúró ni wọ́n ń tì í síwájú kó máa gé gbòǹgbò koríko lábẹ́ yanrìn díẹ̀. Ọwọ́ ọmọ Yorùbá máa ń fẹ́ gbé e sókè kó fi ṣá ilẹ̀. Má gbé e. Tì í, fà á, gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tún tì í. Ìgbà tí o bá lè ṣe èyí fún wákàtí méjì láìdúró ju ìgbà tí o fẹ́ mu omi lọ, ara rẹ ti ń bọ̀ sípò.

Ọ̀nà iná

Kí iná tó ṣẹ́ yọ ni iṣẹ́ panápaná pápá ti pọ̀ jù. Ọ̀nà iná, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní pare-feu, ni ìlà ilẹ̀ tí a ro, tí a gbá títí yanrìn fi hàn, tó fẹ̀ tó mítà 10 sí 15. Ìgbà tó yẹ láti là á kò gùn. Bí o bá là á nígbà tí òjò kò tíì dá, koríko á tún hù. Bí o bá dúró títí ọyẹ́ fi mú, iná lè ṣáájú rẹ débẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni kí ọkọ́ ti wà lọ́wọ́.

Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Láti àríwá-ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ń fẹ́ wá sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà ọ̀nà iná tó bá dábùú rẹ̀, láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn sí gúúsù-ìlà-oòrùn, ni yóò pàdé orí iná. Lo ohun tó wà nílẹ̀: ipa màlúù, ojú ọ̀nà ọkọ̀, àfonífojì tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀. Bí koríko bá ga jù fún ọkọ́, ro ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wá dáná sun àárín ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, kí ènìyàn sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Koríko tí ẹ bá gé, ẹ má kó o jọ sí etí ọ̀nà. Mo ti rí ọ̀nà iná tó mọ́ roro tí òkìtì koríko wà létí rẹ̀ gbọ̀nrọ̀-gbọnrọ. Ẹni tó ṣe é ti kó igi ìdáná jọ de iná. Ẹ di í, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ní ẹran, wọn á gbà á pẹ̀lú ọpẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀nà iná lásán kì í pa iná. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹyin iná á fò ó bó ti wù kó fẹ̀ tó, àyàfi bí ènìyàn bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́ ibi tí yóò bọ́ sí.

Ohun kan wà tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ́ni tó lè kó ọ sí wàhálà. Nínú ọgbà W, wọ́n máa ń dáná sun apá kan pápá ní kùtùkùtù ẹ̀rùn, oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, nígbà tí omi ṣì wà ní ìdí koríko, kí iná náà lè jẹ díẹ̀díẹ̀, kí iná ńlá oṣù kejì má bàa rí nǹkan jó. Ọgbọ́n ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí pé igi àti ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń dáàbò bò. Gbé ọgbọ́n yẹn lọ sí ilẹ̀ darandaran ní àríwá Tahoua, o ti sun oúnjẹ ẹran wọn. Wọn kò ní bi ọ́ léèrè ìwé tí o kà.

Nígbà tí iná bá dé

Òfin kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Yúróòpù: bí ooru bá kọjá 30 díígírì, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá wálẹ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tí afẹ́fẹ́ bá sì ju kìlómítà 30 lọ ní wákàtí, ewu dé. Ní Niamey, láti oṣù kejìlá lọ, ọ̀sán tí méjì àkọ́kọ́ kò bá pé ṣọ̀wọ́n. Afẹ́fẹ́ ló kù. Afẹ́fẹ́ Sahel nígbà ọyẹ́ sì ní ìwà kan: ó máa ń sùn lóru lórí ilẹ̀, a sì jí láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti fa èyí tó ń sáré lókè wálẹ̀. Nítorí náà, òru àti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àkókò tìrẹ. Iná tó lé ẹgbẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn lọ́sàn-án, ẹgbẹ́ kan lè pa á ní aago mẹ́rin ìdájí.

NASA ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, FIRMS, tó ń fi ibi tí iná wà hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù lásán tó. Ṣùgbọ́n wákàtí tirẹ̀ ni sátẹ́láìtì ń kọjá. Èyí tó rí nǹkan kedere jù máa ń kọjá ní bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán àti aago kan ààbọ̀ òru, nítorí náà iná tí ẹnì kan ṣá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè má hàn títí ọ̀gànjọ́. Mọ̀jàlà tó bọ́ sí ọ lórí yá jù ú lọ.

Iná pápá ní orí, ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ó ní ìdí. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ló ń lọ pàdé orí. Wọlé láti ìdí, láti orí eérú, kí o máa tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ lọ títí ẹ̀yin tó wà lápá ọ̀tún àti ẹ̀yin tó wà lápá òsì yóò fi há orí náà mọ́ àárín. Ẹsẹ̀ rẹ kan kó wà nínú ibi tó ti jó nígbà gbogbo. Ẹ̀ka igi tútù tó ní ewé, tàbí àpò ìdọ̀họ tí a fi omi rin, ni ohun èlò. Àpò ìrẹsì onírọ́bà máa ń yọ́. Má ṣe gbé ẹ̀ka náà sókè lù ú bí ẹni ń na ejò, ẹyin iná ni ìwọ fúnra rẹ ń fọ́n káàkiri yẹn. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ iná, dì í mú, kí o fà á sí apá eérú. Ẹni tó ṣíwájú pa ọwọ́ iná, ẹni tó tẹ̀lé e parí rẹ̀, ẹni ìkẹyìn ń wẹ̀yìn kó má tún ràn. Ẹ máa pààrọ̀ ẹni iwájú, ooru ibẹ̀ kò ṣeé dúró sí pẹ́. Bí ọwọ́ iná bá ti ga ju àyà rẹ lọ, má lù ú mọ́. Ẹ sún sẹ́yìn sí ọ̀nà iná.

Kí ẹ tó wọlé rárá, nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ béèrè, Paul Gleason tó jẹ́ panápaná igbó ní Amẹ́ríkà ló to wọ́n pọ̀ ní ọdún 1991: ta ló ń ṣọ́ iná fún wa? Báwo ni yóò ṣe ké sí wa? Ibo la ó gbà sá? Ibo la ó sá sí? Bí ọ̀kan kò bá ní ìdáhùn, ẹ dúró.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1949, ní Mann Gulch, Montana, iná koríko lé àwọn panápaná gun òkè. Ọ̀gá wọn, Wagner Dodge, dúró, ó ṣá iná sí koríko iwájú ara rẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ sínú eérú tó ti jó náà. Ó pe àwọn yòókù, wọn kò gbọ́ ohun tó wí yé. Ènìyàn 13 ló kú, Dodge yè. Darandaran Sahel kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní èyí. Bí ó bá dójú ẹ̀ fún ọ, má bá iná sá eré. Wá ibi tí ọwọ́ iná kò ga ju orúnkún lọ ní ẹ̀gbẹ́, bo ojú, kọjá sínú eérú.

Aṣọ òwú ni kí o wọ̀, apá gígùn. Ọ̀rá àti pọlíẹ́sítà máa ń yọ́ mọ́ ara. Bàtà awọ, kì í ṣe ti rọ́bà. Láwàní òwú ti àwọn Tuareg kò láfiwé, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni kí o fi bo imú: èyí tó tutù ń sọ ooru di oru gbígbóná tí o máa fà símú. Mu omi bí ìdá mẹ́rin lítà ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí òùngbẹ tó dé. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, gbé e sí ibòji, da omi sí i lára, máa fẹ́ ẹ, kí ẹ wá ọkọ̀. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù lásán fún ìṣẹ́jú 20. Kò sí epo pupa, kò sí àdí, kò sí ọṣẹ ìfọyín.

Iná tó kú lójú kì í kú tán. Igi tó ti wó àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìrú èéfín tí o lè rí. Rìn yí etí ibi tó jó ká, mítà 10 sínú. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ohun gbogbo tó bá dúdú. Ibi tó bá gbóná, tú u, da yanrìn pọ̀ mọ́ ọn, tún un fọwọ́ kàn. Kó ìgbẹ́ màlúù jìnnà sí etí. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì Eaux et Forêts tó sún mọ́ ọ: àkókò, abúlé, bí ilẹ̀ tó jó ṣe fẹ̀ tó, ohun tí ẹ rò pé ó ṣá a. Iná tíì ni, ti ọlọ́dẹ ni, ti afoyin ni, ti ẹni tó ju sìgá ni. Fi ẹni méjì sílẹ̀ tó máa sùn síbẹ̀, pẹ̀lú omi, ṣọ́bìrì àti fóònù tó ní iná nínú, kí àwọn yòókù sì padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí aago tó lu mẹ́sàn-án.